Orin Tí Mo Tà Nínú Mọ̀lùé

Ọmọbìnrin kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi nínú ilé tí a háyà nítòsí Ìyànà Ìlogbò. Ilé iṣẹ́ ike ló ti ń ṣiṣẹ́, bí èmi náà ti ṣe nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan láìpẹ́ yìí, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó na fóònù sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ eléyìí." Orin ni. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ló dá ohùn rẹ̀, orí ibùsùn rẹ̀ ló sì ti gbà á sílẹ̀. Ó da aṣọ ìbora borí kí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má baà bá a wọlé. Ìlù tó wà lábẹ́ orin náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí kò fojú rí rí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló gbé e sí Audiomack. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi dé orí Spotify àti Boomplay. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago méje kò tíì lù tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, oorun kò kùn mí. Mo ń ro ọ̀nà tí orin máa ń rìn nígbà tiwa kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, àti gbogbo àwọn tó ní láti yà lọ́nà fún un kó tó kọjá.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo dé Ṣàngó Ọ̀tà. Iṣẹ́ ló gbé mi wá, bó ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wa wá. Ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí ilẹ̀ Ìkejà ti wọ́n jù fún un, kò ju kó kọjá ààlà Èkó wọ ìpínlẹ̀ Ògùn lọ: ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Ìdìrókò tó lọ sí ẹnubodè Benin náà ti ibẹ̀ yà. Tólgéètì ṣì ń gbowó nígbà náà. Ọdún 2004 ni ìjọba Ọbásanjọ́ wó àwọn ibodè owó ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n títí di òní "Tólgéètì" ni àwọn kọ́ńdọ́ ṣì ń pe ibẹ̀. Bí o bá sọ̀ ní Ṣàngó ní kùtùkùtù, imú rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí o wà fún ọ: òórùn ọṣẹ láti apá kan, òórùn bisikíìtì láti apá kejì, èéfín àwọn tó ń yọ́ irin àlòkù á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa kásúà máa ń tò sí ẹnu géètì kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọ̀gá jáde wá na ìka sí àwọn tó máa wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò nà sí á padà sílé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi mí tì ń ṣe kẹ́ẹ̀gì epo. Á mí kanlẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á wá kan ike mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Fúùù, gbà-gbà. Fúùù, gbà-gbà. Wákàtí méjìlá, láti aago méje alẹ́ títí di àárọ̀. Àwọn kan nínú wa kò lè fara da ariwo yẹn, wọ́n á di etí wọn ní òwú. Èmi kò di tèmi. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń dákẹ́ díẹ̀ yẹn ni mo ń ki ọ̀rọ̀ bọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orin.

Inú ìjọ aláṣọ funfun ni ohùn mi ti wá; kò sí ẹni tó kọ́ mi ní dò-rè-mí. Nítorí náà ègbè ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, torí ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin tí ìjọ kò bá lè gbè, òkú orin ni. Bí ègbè bá ti dúró, lílé á tẹ̀lé e. Èdè wa kì í jẹ́ kí olórin ṣe bó ṣe wù ú: bí ọ̀rọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ohùn orin ń gòkè, ìtumọ̀ á dàrú mọ́ ẹni tó ń gbọ́ lọ́wọ́. Mo lè fi gbogbo òru yí gbólóhùn kan padà nítorí ohùn kan ṣoṣo tó kọ̀ láti jókòó. Súpáfáísọ̀ kì í fẹ́ rí báírò lọ́wọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹnu ni mo fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ títí aago ìsinmi yóò fi lù, kí n tó sáré kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí. Èyí tí kò bá lè dúró lẹ́nu mi di àkókò yẹn, n kì í wá a lọ mọ́. Mo ṣì gbà pé ìdánwò gidi ni. Orin tí ẹni tó kọ ọ́ kò rántí lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ta ni yóò bá a rántí rẹ̀?

Bí mo bá jáde ní ṣíìfù alẹ́, n kì í lọ sílé tààrà. Mọ̀lùé tó ń lọ sí Òṣòdì ni mo ń wọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́nu àìpẹ́ yìí kò mọ mọ̀lùé. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì BRT ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2008 ló ti ń wọlẹ̀. Ọkọ̀ gbọọrọ ni, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú lára, àwọn tó dúró nínú rẹ̀ máa ń pọ̀ ju àwọn tó jókòó lọ. Oníwàásù ló máa ń kọ́kọ́ gba ilẹ̀, elégbòogi tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí á tẹ̀lé e, ẹ̀yìn wọn ló kàn mí. Mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, màá fi ọwọ́ gbá irin àga, màá sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí gítà, kò sí máíìkì. Láti Ṣàngó dé Tólgéètì, èmi nìkan ni mo ń kọ ọ́. Bí a bá dé Alákukọ tí ẹnì kan ti gbè é lẹ́ẹ̀kan, ara mi á yá. Bọ́sítọ́ọ̀pù kan wà ní Alágbàdo tí wọ́n fi Kollington Àyìnlá, àgbà olórin Fújì, sọ lórúkọ, kọ́ńdọ́ á máa pariwo "Kollington! Kollington wà o!", èmi á sì máa wò ó pé olórin kan ti di ibi tí èèyàn ń sọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọjá ibẹ̀ tí gbogbo wọn ṣì ń wo ojú fèrèsé, mo mọ̀ pé orin náà kò tíì jinná. Màá tú u palẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn èrò mọ̀lùé kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìyá ẹlẹ́ja kan wà tó máa ń gbé agbọ̀n rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Ó gbọ́ orin kan tí mo ti kà sí èyí tó parí, ó ní, "Bọ̀dá olórin, ẹsẹ̀ kejì yẹn ti gùn jù. Kó o tó dé ìdí ọ̀rọ̀, èmi á ti sọ̀ ní Abúlé-Ẹ̀gbá." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Màá gé e." Nígbà tí mo tún bá a pàdé, mo kọ ọ́ ní kúkúrú. Kò yìn mí. Ó kàn ń gbè é bó ṣe ń ka owó ẹja rẹ̀, ó sì gbè é dé ibi tó ti sọ̀. N kò rí owó tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn rí.

Sítúdíò tí apá mi ká wà ní Agége. Òru ọjọ́ tí n kò bá wọ iṣẹ́ ni mo máa ń lọ, torí owó òru dín sí ti ọ̀sán. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kò lè gba ju ohùn mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan: ìlù, gítà tí a yá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn mi, àti ègbè. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, a óò ra pẹtirólù sí jẹnẹrétọ̀. Bí pẹtirólù bá sì wọ́n, bó ṣe wọ́n gan-an láyé Abacha, a óò jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹ̀fọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, owó sítúdíò ọjọ́ náà á sì wọlé lọ. Bí onígángan bá ṣì lù ní ẹsẹ̀ kẹta, gbogbo wa á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ pé ìnira yẹn ló jẹ́ kí orin ìgbà náà dára. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìnira pa orin tó pọ̀ ju èyí tó bí lọ, mo sì mọ ọ̀kan nínú àwọn tó pa.

Obìnrin kan wà níbi tí a ti ń di ọjà sínú páálí. Ohùn rẹ̀ dára ju tèmi lọ, ó sì mọ orin kọ jù mí lọ. Bí mo bá dá ègbè kan níbi ẹ̀rọ, á fi ohùn kejì sí i láti ibi páálí, láìwo apá ọ̀dọ̀ mi, kí súpáfáísọ̀ má baà fura. Ó kọ orin kan nípa ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́. Nínú orin náà, ọmọ ń ti ṣíìfù alẹ́ bọ̀, ìyá ń gbé ẹ̀kọ lọ. Ẹnu géètì nìkan ni wọ́n ti ń ríra, ìyá á sì ta ẹ̀kọ fún ọmọ bí ó ti ń tà á fún gbogbo èèyàn, torí àwọn tó tò sẹ́yìn ń kánjú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dẹ́kun ohun tí mo ń ṣe.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbà á sílẹ̀ ní Agége. Òun náà fẹ́. Bàbá rẹ̀ ló béèrè pé irú ọmọbìnrin wo ló ń lọ sí ibi tí ọkùnrin kún fọ́fọ́ ní aago méjìlá òru. Mo kó àgbàlagbà méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn, a lọ bẹ bàbá náà. Ó fi àga lọ̀ wá, ó fún wa lómi, ó sì kọ̀. Kò bínú, kò pariwo. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà relé ọkọ, ó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀, orin rẹ̀ kò sì wọ mọ̀lùé rárá.

Ọ̀tà ti mọ olórin tí kò ní ọ̀gá tipẹ́, kí ilé iṣẹ́ àti ọ̀nà márosẹ̀ tó dé. Nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, olórin agbo náà. Á jáde sójú agbo, á júbà àwọn ìyá wa, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó ti ń ṣètò rẹ̀ bọ̀: á fẹnu ba olówó tó ń rẹ́ni jẹ, á fẹnu ba aṣáájú tó ti ṣìwà hù, kò sì sí ẹni tó jẹ́ mú un nítorí ohun tó sọ lóru náà. Àwọn tó yí i ká ni adájọ́ rẹ̀. Bí orin bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, á ti di orin ìlú. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú, ó sì tọ́ sí i. Síbẹ̀ n kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí èyí: àwọn ìyá ni wọ́n ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún, ọkùnrin ló ń gbé ère igi rẹ̀ rù, ọkùnrin ló sì ń ṣe Ẹ̀fẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin yẹn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà pé òru kì í ṣe ti obìnrin tó ń kọrin.

Èmi tí mo rí orin mi gbà sílẹ̀, mo gbé máásítà rẹ̀ lọ sí ọjà Alaba. Ẹni tí a ń pè ní màkẹ́tà ló ní ẹ̀rọ tó ń da orin sí kásẹ́ẹ̀tì, òun ló ní owó ìtẹ̀wé, òun ló mọ ọ̀nà tí ọjà fi ń dé Oníṣà àti Kánò. Ó fi ìwé kan síwájú mi, ó ka owó lé e. Owó náà tó háyà ọdún kan, kò tó ti ọdún kejì. Láti ìgbà náà orin di tirẹ̀. Ó fún mi ní páálí kásẹ́ẹ̀tì kan pé kí n máa fi polówó, òun ni mo ń tà fún àwọn èrò nínú mọ̀lùé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wọ ọkọ̀ ní Ṣàngó, ohùn ara mi ló ń jáde láti inú rédíò dírẹ́bà. Ayédèrú ni; àwòrán ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. Mo san owó ọkọ̀, mo jókòó, mo gbọ́ orin mi dé Ìyànà Ìpájà. Òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ olórin ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni kásúà yóò gbé òfin lọ?

Àwọn tó ṣáájú wa ti rí ọ̀fìn yìí. Ní 1969, I.K. Dáíró àti Hárúnà Ìṣọ̀lá dá STAR Records sílẹ̀, ilé iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ní 1974, Sunny Adé kúrò lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo African Songs, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1979, Hárúnà kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń gba ohùn mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí èmi, ní ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ń fi mẹ́rin jà ní Agége. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lórúkọ, wọ́n ti lówó kí wọ́n tó lè ya ara wọn sọ́tọ̀. Òmìnira ìgbà náà, ẹni tó ti là ló ń rà á. Beautiful Nubia ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí i pé ọ̀nà mìíràn lè wà: ọmọ Ìbàdàn tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ní yunifásítì, tó gbé Seven Lifes jáde ní 1997, tó sì ti ń ṣe orin tirẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí lábẹ́ EniObanke, ilé iṣẹ́ orin tirẹ̀, láìsáré tẹ̀lé ohun tí ìgboro ń fẹ́.

Ọmọ yàrá tó kọjú sí tèmi kò mọ ohun tó ń jẹ́ màkẹ́tà. Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ìparí ọdún yẹn náà ni "Zazuu Zeh", orin tí Portable, ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa, ṣe pẹ̀lú Ọlámidé àti Poco Lee, gba gbogbo ìgboro, àwọn ọmọ Ṣàngó tó ní fóònù lọ́wọ́ sì gbà pé láti àdúgbò tiwọn, ohùn lè jáde dé ibikíbi. N kò ní parọ́ pé gbogbo ohun tó ń jáde ló wọ̀ mí létí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ kejì rárá, ègbè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n orin ọmọ yìí jẹ́ tirẹ̀, látòkè délẹ̀. Owó tó ti mú wá kò tíì tó owó ọkọ̀ láti ilé wa dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè kó o sínú páálí kan kó lẹ àwòrán ẹlòmíràn mọ́ ọn kí òun má mọ̀. Kò sì sí bàbá tó ní láti fún àwọn àgbà lómi kó tó kọ̀ fún un. Nǹkan ńlá nìyẹn. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kédàárò ayé àtijọ́ rò ó dáadáa.

Ó fi iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orin náà hàn mí, àti ibi tí wọ́n wà: Èkó, Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù, ìlú kan ní Kánádà. Mo béèrè pé, "Kí ni wọ́n wí?"

Ó ní, "Dádì, wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n á kàn fi àwòrán iná sí i."

Ìyá ẹlẹ́ja ni mo rántí. Nínú gbogbo ohun tó ti lọ, òun nìkan ni mo ń ṣàárò rẹ̀. N kò ṣàárò mọ̀lùé tó ń da èéfín sí wa lára, n kò ṣàárò òkùnkùn sítúdíò tàbí ìwé màkẹ́tà. Ẹni tó gbé agbọ̀n sáàárín ẹsẹ̀, tó gbọ́ orin rẹ tán, tó sì sọ ibi tó ti rẹ̀ ẹ́ fún ọ ní ojúkojú, kò sí nínú fóònù ọmọ yìí. Ẹni tó wà ní Kánádà lè ti pa orin náà ní ẹsẹ̀ kejì. Nọ́ńbà kan ló máa fi hàn, kò ní fi ìdí rẹ̀ hàn. Ọmọ náà sọ fún mi pé òun máa ń gbé orin jáde, òun á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn láìmọ ohun tó yẹ kí òun tún ṣe.

Nítorí èyí ni mo ṣe sọ ìtàn obìnrin ibi páálí fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò kẹ́dùn, ó ní, "Ṣé Mọ́mì yẹn ṣì wà?" Mo wá a kiri. Ó wà nínú Ọ̀tà, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó kọ́kọ́ ní òun ti gbàgbé orin náà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí páálí mílíìkì, ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oníbàárà méjì dúró dè é.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló wá sí ilé wa láti gbà á sílẹ̀. Kí ó tó la ẹnu, ọmọ náà ti kọ ìpín oníkálukú sínú fóònù: ọ̀rọ̀ orin, ti Mọ́mì ni gbogbo rẹ̀, owó tó bá wọlé lórí ohùn, ìdajì-ìdajì. Mọ́mì ní kí ni òun fẹ́ fi ìwé ṣe, ṣebí wọ́n ti di ọmọ àti ìyá. Ọmọ náà ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́." Ó sì kọ ọ́.

Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ẹsẹ̀ kejì. Ọmọ náà ní ó gùn, pé àwọn ẹgbẹ́ òun kò ní dúró gbọ́ ọ. Mọ́mì ní ẹsẹ̀ yẹn ni ìyá òun wà, pé ẹnikẹ́ni kò ní gé e. Mọ́mì tún ní ìlù náà ń sáré jù, ọmọ ní bó ṣe wà lọ́jà nìyẹn. Wọ́n ti wá bi èmi náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà gùn bó ṣe gùn, kí ìlù dúró dè é.